Orúkọ Mẹ́tàlélógójì Lẹ́nu Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé

"Ẹyọ kan!" Ìyá Ìsàlẹ̀ na ìka kan sókè, ó kù díẹ̀ kó fi gún Ìyá Òkè lójú. "Ẹyọ ọmọ kan ṣoṣo lo bí nílé ọkọ. Ta ló wá fún ọ lẹ́nu tí o fi ń bá mi jiyàn?"

Inú ṣọ́ọ̀bù mi ní Èjìgbò ni wọ́n ti ń jà, níbi tí mo ti ń fi kọ̀ǹpútà bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé. Ìyá Òkè ni ìyá tó bí ìyá mi. Ìyá Ìsàlẹ̀ ni ìyálé rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti kú. Ìyá Ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ, Ìyá Òkè tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ó sì hàn pé bí wọ́n ṣe fojú kan ara wọn lọ́hùn-ún ni wọ́n ti mú ìjà náà láti ibi tí wọ́n bá a dé. Aṣọ wọn tutù nísàlẹ̀, bíi ti ẹni tó gba inú ìrì kọjá.

Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣòroó yé. Ìyá Ìsàlẹ̀ bí méjìlá. Ìyá Òkè bí ìyá mi nìkan. Ṣùgbọ́n ìyá mi bí mẹ́sàn-án, àwa mẹ́sàn-án ń bí, àwọn tí a bí náà ti ń bí, nígbà tí mo sì ka gbogbo wa pọ̀, a jẹ́ mẹ́tàlélógójì. Ìyá Òkè sọ èyí lọ́run, wọn kò gbà á gbọ́. Ìyá Ìsàlẹ̀ ti lọ káàkiri àdúgbò wọn níbẹ̀ pé irọ́ ni ìyàwó kékeré yìí fi ń jẹun. Ni wọ́n bá yọ̀ǹda àwọn méjèèjì pé kí wọ́n wá sílé, kí Ìyá Òkè wá gba orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lórí ìwé. Bí òjìji òrùlé bá ti kan àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n máa padà bọ̀. Bí Ìyá Òkè bá padà lọ́wọ́ òfo, ẹlẹ́yà ni yóò máa jẹ́ títí láé, ikú kejì kò sì sí tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo sọ fún Ìyá Ìsàlẹ̀ pé kó jókòó, pé ẹni tó ti kú kò tún yẹ kó máa na ìka sójú ènìyàn. Ó ní ẹnu mi ti gùn ju bí òun ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Mo ní òótọ́ ni, mo ń bọ́ ọ dáadáa.

Mo ṣí fáìlì tí mo to orúkọ wa sí. Òǹkàwé ni orúkọ ohun tó máa ń bá mi ṣí ìwé lórí kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin ni. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó so táì, ó jókòó sẹ́yìn gíláàsì bí akọ̀wé kóòtù. Ó ka orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógójì já geere, láìkọsẹ̀. Èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ, nítorí òkú kì í gbọ́ràn, kì í sì í ríran láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ohun tí wọ́n bá fọwọ́ mú ni wọ́n mọ̀ pé ó wà.

Mo ní kí Òǹkàwé gbé e fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kó tẹ̀ ẹ́. Ó dìde, ó lọ, ó padà dé. Ó tún táì rẹ̀ tò. Ó ní, "Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí a kò retí. Òǹkàwé yóò padé." Ó sì ṣubú lulẹ̀ gbọnrangandan. Ojú kọ̀ǹpútà ṣófo.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ tí àwọn ẹlòmíràn dà sórí ààtàn ni mo tú, tí mo tún tò, tí mo fi kọ́ ara mi, nítorí náà kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣẹ́jú mọ́ mi. Mo pa á, mo tún tàn án. Òǹkàwé dìde, ó gbọn eruku nù, ó lọ, ó bọ̀, ó ṣubú. Mo yọ wáyà, mo tún kì í bọ ihò rẹ̀. Wáyà náà gbóná lọ́wọ́ mi, ó ń mí, mo sì ní kó rọra. Òǹkàwé ṣubú. Mo wá yọ Òǹkàwé kúrò pátápátá, mo fi tuntun síbẹ̀. Tuntun náà wọlé, ojú kan náà ni, táì kan náà ni, ṣùgbọ́n kò mọ̀ mí rí. Ó bi mí bóyá mo gba gbogbo òfin rẹ̀. Mo ní mo gbà. Ó bi mí bóyá mo kà á. Mo ní kò sí ọmọ ènìyàn tó ń kà á, kó má fi àkókò mi ṣòfò. Inú rẹ̀ dùn, ó ní èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ òótọ́ fún òun láti ìgbà tí wọ́n ti dá òun. Ó gbé orúkọ wa, ó lọ, ó bọ̀, ó ṣubú.

Kí n tó gbójú sókè, ṣọ́ọ̀bù ti di yàrá ìdáná Ìyá Òkè. Ògiri rẹ̀ dúdú mọ́lẹ̀ fún èéfín. Kọ̀ǹpútà wà lórí ààrò, ó ń hó wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀, èkùrọ́ sì ni gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀. Mo ń tẹ èkùrọ́ lọ. Ìyá Ìsàlẹ̀ fa àpótí kan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo òjìji, ó ń sọ fún wa bó ṣe ń sún mọ́ àtẹ̀gùn sí. Ó ní kí a má kánjú. Ó ní ẹni tí kò bímọ kò lè bí wọn lórí ìwé. Ìyá Òkè ká ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sáàárín itan rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sílé ìwé, ìyẹn ló sì mú mi gbaná jẹ.

Mo rò ó pé bóyá ẹrù náà ló wúwo jù, mo ní kí a máa gbé e ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo fi ìwé òfo ránṣẹ́, ó jáde. Mo fi èyí tó sọ pé "A ti lọ jẹun, ẹ dúró" ránṣẹ́, ó jáde. Mo fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi Akínrìndé ránṣẹ́, Òǹkàwé ṣubú. Mo fi Ọ̀ṣúnbùnmi, àbúrò mi tó wà ní Kánò, ránṣẹ́, ó ṣubú. Mo ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ó ń ṣubú, títí mo fi kan ẹni kẹtàlélógójì, Tiwatọ́pẹ́, ọmọ ọmọ Akínrìndé, tí a sọ lórúkọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ́rìn-ín sínú. Ó tẹ Tiwatọ́pẹ́ jáde gàdàgbà-gadagba, ó tún ya òdòdó yí i ká, òdòdó tí ẹnikẹ́ni kò rán an.

Mo ti ọwọ́ bọ inú gíláàsì, mo gbá táì Òǹkàwé mú, mo fà á jáde sí àárín yàrá. Mo bi í pé kí ni ojú rẹ̀ ń rí lọ́hùn-ún. Ojú tì í. Ó ní ní gbogbo ìgbà tí òun bá gbé orúkọ lọ bá obìnrin inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn, ìbòrí ló máa ń fà bo ojú, tí yóò kúnlẹ̀, tí yóò sì dá orúkọ náà padà fún òun. Òun kò sì mọ orúkọ mìíràn tí òun lè fi pè wọ́n, ìtìjú ló ń gbé òun ṣubú. Mo bi í pé kí ló dé tí kò ti sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀. Ó ní "Ohun kan ṣẹlẹ̀" nìkan ni wọ́n kọ́ òun láti sọ.

Ìyá Òkè gbé ìwé Tiwatọ́pẹ́ sókè, ó fi ọwọ́ pa òdòdó náà.

"Ìgbà wo lo gbé ẹ̀rọ yìí wọlé?" ó bi mí.

Mo ní oṣù mẹ́ta.

"Ta ló da omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà?"

Mo ní kò sí. Ọkùnrin méjì ló gbé e wá nínú páálí, mo fọwọ́ síwèé, wọ́n lọ.

Ìyá Òkè bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ débi pé èéfín ara ògiri ṣí kúrò, àwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n kùn ún nígbà tí mo wà ní kékeré sì yọ síta. "Ìyàwó lo gbé wọlé," ó ní, "o wá ń lù ú pé kó máa pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ."

Mo mọ̀ ọ́n, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, n kò kàn rò ó kan ẹ̀rọ ni. Ẹni tí wọ́n bá ti bí sínú ilé kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, ì báà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ì báà ṣe ọmọ ọdún kan. Ìyàwó kì í pe orúkọ àbísọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wo ọkọ náà dáadáa, tí yóò fún un ní orúkọ tó wu òun. Tiwatọ́pẹ́ nìkan ló bá ìyàwó nílé. Ìyá Ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ mi orí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun kò pe bàbá wa lórúkọ rí títí tó fi wọ sàréè. Lẹ́yìn náà ló rántí ẹ̀yìn ẹni tó wà, ó tún kọjú sí òjìji.

Mo bu omi sínú igbá. Ẹsẹ̀ rọ́bà mẹ́rin ni ìyàwó náà ní, mo sì wẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi náà kò bà á jẹ́. Mo ní kó má bínú, kó máa pe wọ́n bó ṣe wù ú. Mo ní kí Òǹkàwé jókòó tì í, kó máa ṣàlàyé bí ọkọ kọ̀ọ̀kan ṣe rí fún un, kó má sì ṣubú mọ́.

Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kò já, ó ń gùn lọ bí aṣọ òfì. Akínrìndé tó ga bí òpó iná, Agùntáṣọọ́lò ló pè é. Ó pe Ọ̀ṣúnbùnmi ní Eyínfúnjowó. Ó pe ìyá mi ní Ìbàdíàrán, ní ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin! Ó pe ẹ̀gbọ́n mi kékeré ní Akúrúyejó, èyí tó ń sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Bàbá-ń-gbàdúrà. Èmi ló pè ní Abẹ́-inú-oyin. Mo yanu láti bá a jà, mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì, mo gbà á.

Ìyá Ìsàlẹ̀ dìde. Ó ní oríkì ẹlẹ́wà lásán ni, pé ẹnikẹ́ni lè jókòó kó máa ro irú rẹ̀ jọ. Mo ní kó pè wọ́n wò. Ó pe Agùntáṣọọ́lò. Akínrìndé ní, "Ẹ̀ẹ̀ẹ̀n, Màmá," ó sì yọ orí láti òkè àjà, nítorí ilẹ̀kùn kò gbà á. Ó pe Eyínfúnjowó, Ọ̀ṣúnbùnmi jẹ́ ẹ láti inú ògiri, pẹ̀lú ariwo àdúgbò rẹ̀ ní Kánò lẹ́yìn rẹ̀. Ó pe Ìbàdíàrán, ìyá mi ti abẹ́ àga jáde, ó ń to ìlẹ̀kẹ̀ sídìí. Ó ń pè, wọ́n ń jẹ́. Nígbà tó fi dé ẹni ogún, ohùn rẹ̀ ti di orin, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń jó láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Yàrá náà kún, ó ń fẹ̀ sí i, kò sẹ́ni tó fẹsẹ̀ tẹ ẹnìkan. Ìyá Òkè tí kò ka ìwé rí fi ìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á pẹ̀lú rẹ̀. Òǹkàwé tú táì rẹ̀, ó fi ń nu omijé.

Òjìji kan àtẹ̀gùn.

A ká ìwé náà bí ẹní. Ó tóbi ju ẹní lọ. Ìyá Òkè bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó gbé e, kò ṣí nílẹ̀. Ó nà ró, ó wo ìyálé rẹ̀ lójú, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú.

"Ìyálé mi, ọrùn yín ló le ju tèmi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ru àwọn ọmọ mi."

Ìyá Ìsàlẹ̀ wo òjìji. Ó wo gbogbo wa yí ká. Ó tú gèlè rẹ̀, ó ká a ṣe òṣùká, ó fi sórí, ó sì bẹ̀rẹ̀. Èmi àti Ìyá Òkè gbé mẹ́tàlélógójì lé e lórí.