Èwo Nínú Dúdú?

Lábẹ́ àga ẹ̀yìn mọ́tò ni ẹ̀rù ti ká Akínlolú mọ́. Sípánà ló já bọ́ síbẹ̀, ló bá gbé àga sókè láti mú un, ló bá rí ọ̀dà àtijọ́ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kì í ṣe dúdú. Àwọ̀ ewé ni, ewé tó gbó dáadáa. 

Péńtà mọ́tò ni Akínlolú, ìtòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ló wà, iṣẹ́ rẹ̀ sì dá múṣémúṣé. Ọ̀gá Adédèjì, ọ̀gá ìjọba kan ní Alágbàká, ló gbé Bẹ́ǹsì àtijọ́ yìí wá; bàbá rẹ̀ ló ni ín kó tó kú. Ọ̀gá ní àwọ̀ tí bàbá òun fi rà á gan-an lòun fẹ́, torí ìyá òun yóò wọ̀ ọ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi fún ìrántí bàbá. Panẹ́bítà ti ha ara mọ́tò náà di irin lásán kó tó dé ọwọ́ Akínlolú, ni Ọ̀gá, tó ti gbàgbé àwọ̀ náà, bá fi fóònù béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ l'Óǹdó. Màmá ní dúdú ni. Akínlolú fín in ní dúdú, ó ń kọ mọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Ọ̀gá yìí jẹ́. Ó ti ti káfíńtà kan mọ́lé ní àgọ́ ọlọ́pàá rí, nítorí ilẹ̀kùn tó wọ́. Ó sì ti sọ fún Akínlolú pé bí àwọ̀ náà bá yẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sùn. Ta ni kò ní bẹ̀rù irú èèyàn bẹ́ẹ̀? Akínlolú tẹ àga mọ́lẹ̀ ṣinṣin, ó panu mọ́.

Òun náà ló wa mọ́tò lọ sí Oǹdó kí Màmá lè rí i. Ọ̀gá jókòó sẹ́yìn, lórí ohun tí Akínlolú fi pamọ́ gan-an, ó ń fọ́nnu. Ní Bọ́lọ́rundúró, àgbẹ̀ kan yà sínú koríko, ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn èèyàn mọ ohun tó dára.

Màmá Leah tẹ̀pá jáde. Ó wo mọ́tò náà, ó sì di ara ògiri mú.

"Ta ló kú?" ló bi wọ́n.

Ọ̀gá ní kò sẹ́ni tó kú, mọ́tò bàbá ni. Màmá mirí. Ó ní mọ́tò agbókùú nìyí, ọkọ òun ò wọ irú rẹ̀ rí àfi lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ sin.

"Dúdú ni mo wí," ó ní, "dúdú bí ewé kókó. Owó kókó ló kúkú fi rà á."

Háà! Ẹyin lọ̀rọ̀ lóòótọ́. Aró dúdú, ewé dúdú, èédú náà dúdú, kò sì sẹ́ni tó béèrè èwo.

Ọ̀gá yíjú sí Akínlolú, ó bi í bóyá ó mọ̀. Irọ́ ti dé orí ahọ́n Akínlolú, ṣùgbọ́n ojú Màmá kò kúrò lára rẹ̀, ló bá ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó gbé àga sókè. Ó ní àárọ̀ yìí lòun rí i, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí òun sọ. Màmá bẹ̀rẹ̀, ó fìka kan àwọ̀ náà, ó sì bú sẹ́kún.

Ọ̀gá ti fa fóònù yọ.

"Dèjì, bó bá jẹ́ ọlọ́pàá lo fẹ́ pè, èmi ni kí wọ́n wá mú," Màmá wí. "Èmi ni mo ní dúdú. Ìwọ lo gbọ́ ọ."

Fóònù padà sápò. Màmá ní kí Akínlolú lọ kùn ún bó ṣe yẹ, òun á fẹsẹ̀ rìn lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kó má pẹ́ o, torí òun ti dàgbà, òun ò sì fẹ́ kó jẹ́ dúdú yìí ni yóò gbé òun.

Ẹ̀rù mìíràn bá Akínlolú wọ mọ́tò padà, ó sì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní Bọ́lọ́rundúró, àgbẹ̀ yẹn ti ń darí bọ̀ láti oko. Ó rí mọ́tò, ó tún ṣí fìlà. Akínlolú dá mọ́tò dúró, ó yọrí jáde.

"Ẹ dé fìlà yín, bàbá," ó ní. "Kò tíì sẹ́ni tó kú."