Mílíọ̀nù Kan Lé Mẹ́ta

Ọjọ́ tí ọmọbìnrin mi kọ́kọ́ mẹ́nu ba nọ́ńbà yẹn, ó ní 1,000,003 kò ṣeé pín: kò sí ohun tí a lè fi pín in tí kò ní ṣẹ́kù, àfi ení àti òun fúnra rẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti dán gbogbo rẹ̀ wò. Ó ní òun dé 613.

“Má fọwọ́ sọ̀yà lórí iṣẹ́ tí o kò tíì parí,” ni mo wí.

Olùkọ́ ìṣirò ni, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, mo sì bá a wí bí ọmọ iléèwé. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni àìsàn gbé e lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo gbé ìwé tó ti ń ṣe ìṣirò náà ka orí tábìlì ìjẹun. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó jàre mi. Mo bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí: mo fi 617 pín nọ́ńbà náà; ó ṣẹ́ku 463. Mo ń tẹ̀ lé ọ̀nà rẹ̀: àwọn nọ́ńbà tí kò ṣeé pín nìkan ló ń lò, láti inú àtẹ tó wà lẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀. Ibi tí méjì bá ti kùnà, kí ni mẹ́rin fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? N kò lo ẹ̀rọ, torí òun náà kò lò ó. Mo ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yìn ń ro mí, ojú ń ṣe bàìbàì. Bí òdo bá jáde lẹ́ẹ̀kan péré, ó jẹ̀bi nìyẹn. Ẹ̀rù òdo ń bà mí lójoojúmọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ni wá gba àwọn ìwé iléèwé. Ó bá mi nídìí 1,373.

“Bàbá, kí lẹ ń ṣe níbí?”

“Mò ń wá ohun tó lè pín in.”

Ó ṣí ìwé náà sẹ́yìn, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì tún fọwọ́ bo ẹnu. “Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ ti kọjá ibùdókọ̀, ẹ ṣì jókòó sínú ọkọ̀, ẹ ń béèrè pé ṣé a ti dé.”

“Bá mi sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà.”

“Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ni mílíọ̀nù kan. Bí nọ́ńbà tó ju ẹgbẹ̀rún lọ bá pín in, èkejì rẹ̀, èyí tí pípín náà bá gbé jáde, gbọ́dọ̀ kéré sí ẹgbẹ̀rún. Ẹ sì ti dán gbogbo àwọn kékeré wò. 997 ló kẹ́yìn. Mélòó ló ṣẹ́kù níbẹ̀?”

“Méjìlá.”

“Ó tán. Kò ṣeé pín.”

Mo wo ọjọ́ tí mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ 997. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bá òkú jiyàn lẹ́yìn tó ti borí mi.

“Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti sọ fún mi,” ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí, “pé bí òun bá lè dé ẹgbẹ̀rún, bàbá òun á gbà.”

Mo mú bírò, mo kọ ọ́ sábẹ́ méjìlá yẹn pé: Ìwọ lo jàre.

“Ṣé kí n mú ìwé yìí lọ fún kíláàsì rẹ̀?”

“Mú un lọ.”

Ó ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó yé mi pé n kò ní iṣẹ́ kankan lọ́la.