Òfì Tí Kì Í Sùn

Lọ́dún tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá bẹ Nàìjíríà wò, tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ Ọbabìnrin, ọ̀rọ̀ òfì ni wọ́n ń sọ ní tiwọn nílé Màmá Mónícà (orúkọ ìrìbọmi òun fúnra rẹ̀ ni Mónícà) ní Ọ̀wọ̀. Òfì wo? Òfì tí ọkọ rẹ̀, olóògbé Jósẹ́fù káfíńtà, kàn fún Adéfúnkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ẹ̀yin náà mọ òfì àwọn obìnrin Ọ̀wọ̀: igi méjì ní òró, igi méjì ní ìbú, ẹ gbé e ti ògiri, ó parí. Ṣùgbọ́n Jósẹ́fù kì í ṣe nǹkan kékeré. Ìrókò ló fi kan tirẹ̀. Ó ga ju ẹnu ọ̀nà lọ, ó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ, ó kan àga mọ́ ọn nídìí, ó tún kan pẹpẹ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún òwú àti àtùpà. Nígbà tó kàn án tán, àfi ìgbà tí wọ́n wó apá kan ògiri kó tó wọlé. Bẹ́ẹ̀, Adéfúnkẹ́ kì í hun aṣọ tà o. Tíṣà ni, ilé ìwé Kátólíìkì ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìgbádùn ara rẹ̀ ló ń fi òfì ṣe, bí àwọn mìíràn ṣe ń ta ayò.

Wàyí o, Boniface, ọkọ Adéfúnkẹ́, ti wà nílùú òyìnbó láti bí ọdún mẹ́rin, iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ló ń kọ́ níbẹ̀. Ó wá ránṣẹ́ sílé pé òun ti rí yàrá gbà, kí ìyàwó òun máa bọ̀. Inú gbogbo ẹbí dùn. Inú Màmá Mónícà nìkan ni kò dùn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń dá àwọn tó wá bá wọn yọ̀ lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbé omi fún wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yí ẹ̀yìn padà, ojú rẹ̀ á fà ro. Ọmọ kan ṣoṣo! Ọkọ ti kú, ọmọ tún fẹ́ re òkè òkun. Ta ni yóò wá máa bá òun jà nítorí iyọ̀ ọbẹ̀? Ó fẹ́ kí ọmọ náà dúró ti òun, kò sì mọ bí ènìyàn ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde kí ayé má bú u.

Àfi bí Adéfúnkẹ́ ṣe la ẹnu lọ́jọ́ kan tó ní, "Màmá, bí òfì bàbá mi kò bá lọ, èmi náà kò lọ. Kí ni n óò máa ṣe nílùú tí òtútù kò ní jẹ́ kí n yọjú síta?"

Hàà! Ṣé ẹ rí bí Ọlọ́run ṣe ń gbọ́ àdúrà? Ọjọ́ náà gan-an ni Màmá Mónícà lọ tan àbẹ́là fún Màríà Mímọ́.

Sylvanus, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ akọ̀wé ní káńsù, ni wọ́n rán lọ sí Èkó kó lọ wádìí iye tí wọ́n ń gbà lórí irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Sylvanus kò wọ ọkọ̀ òkun rí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ó lọ, ó bọ̀, ó fà sẹ́yìn lórí àga.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ wà o. Wọn kì í wo bí ẹrù ṣe wúwo. Àyè tó bá gbà ni wọ́n ń gbowó lé. Òfì yìí lórí ìdúró, àyè tó máa gbà tó ti màlúù mẹ́ta. Owó tí wọ́n pè, olóko kòkó pàápàá kò lè gbọ́ ọ lórí ìdúró."

"Ó mà ṣe o," ni Màmá Mónícà wí. Ẹnu rẹ̀ ló ń káàánú, inú rẹ̀ ń jó.

"Ṣùgbọ́n kò sí wàhálà," Sylvanus tún ní, ó na ìka sókè bí ẹni tó ń wàásù. "Ẹ jẹ́ ká tú u. Ṣebí igi ni gbogbo rẹ̀? Ká yọ ìṣó, ká dì í ní ìdì kan, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọn óò gbà."

"Èèwọ̀!"

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu Màmá Mónícà kó tó mọ̀ pé òun ló sọ ọ́. Gbogbo wọn yíjú sí i. Nígbà tí ènìyàn bá sì ti pariwo èèwọ̀ láàárín ilé, kò sí bó ṣe fẹ́ ní òun ń ṣe eré ni.

Ó ní, "Òfì tí olóògbé bá kàn, a kì í tú u. Èèwọ̀ ilé Jósẹ́fù ni."

Ẹ gbà mí o! Jósẹ́fù tí à ń wí yìí, nígbà tó wà láyé, kò sí ohun tí kì í tú. Ó tú giramafóònù Fáda. Ó tú kẹ̀kẹ́ tíṣà àgbà, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú àpò lẹ́yìnkùlé. Lọ́jọ́ tó lọ tọrọ Màmá Mónícà fúnra rẹ̀ fi ṣaya, ilẹ̀kùn ilé àna rẹ̀ ń dún kíríkírí, ó sì yọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú gbogbo àlejò. Ṣùgbọ́n òkú kì í jiyàn. Adéfúnkẹ́ wo ìyá rẹ̀ títí, ó ní òun kò gbọ́ èyí rí.

"Ṣé gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo ti sọ fún ọ tán?" ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ pin síbẹ̀.

Ó pin fún wọn ni o, kò pin fún Sylvanus. Kò pẹ́ tó fi mú Múrítàlá wálé. Múrítàlá, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, mùsùlùmí oníwà pẹ̀lẹ́, lọ́rì gẹdú ló ń wà. Ìtì igi ńláńlá ló ń kó gba Ìfọ́n lọ sí èbúté Sàpẹ́lẹ́, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń gbé wọn lọ sílùú òyìnbó.

Sylvanus ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí i! Ọkọ̀ òkun tó ń kó gẹdú yìí, wọ́n ní yàrá fún èrò díẹ̀, owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti Èkó. Òfì ńkọ́? Igi ni. Igi lórí igi, ta ni yóò gbowó gidi lé e? A ó kàn tẹ́ ẹ sórí gẹdú ni."

"Tẹ́ ẹ kẹ̀?" ni Màmá Mónícà yára wí. "Kì í sùn."

"Kí ni kì í sùn?"

"Òfì ọ̀hún. Kì í fi ẹ̀yìn lélẹ̀."

Sylvanus fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Múrítàlá, tó máa ń bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ ilé onílé, ti gbà. Ó ní, "Màmá, ẹ má ṣèyọnu. A ó gbé e dúró, a ó fokùn dè é."

"Òjò kò gbọdọ̀ pa á."

"A ó faṣọ bò ó, Màmá."

Àbí ẹ ò rí i bí ẹni rere ṣe lè ba ayé ènìyàn jẹ́! Màmá Mónícà wá èyí tó tún le, kò rí. Ló bá ní àgbà obìnrin ilé ni í sìn ín dé ibikíbi tó bá ń lọ. Ó rò pé wọn óò ní kí àgbàlagbà má dáwọ́ lé irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Wọn kò ní bẹ́ẹ̀. Múrítàlá ní kí Màmá wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun níwájú, Sylvanus sì kọ̀ jálẹ̀.

"Ṣé sísìn ni àbí kì í ṣe sísìn?" ó ní. "Ìdí òfì ló yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi wà. Èmi á gba iwájú."

Wọ́n tún wó ògiri ọjọ́sí kí òfì tó lè jáde, bí wọ́n ṣe gbéra nìyẹn. Ẹ wo lọ́rì gẹdú ní ojú ọ̀nà Ìfọ́n: ìtì igi mẹ́ta, òfì lórí wọn, ó dúró gangan nínú aṣọ funfun láti òkè délẹ̀, Màmá Mónícà àti ọmọ rẹ̀ nídìí rẹ̀, tí wọ́n di okùn mú, Sylvanus níwájú, ó gbé apá sójú fèrèsé, ó ń kí àwọn ènìyàn. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ní gbogbo ibi tí ẹ̀ka igi bá ti rọ̀ sójú ọ̀nà, Múrítàlá á dúró, á gun igi lọ pẹ̀lú àdá, á gé e, á sọ̀ kalẹ̀, á nu òógùn, á tún wọkọ̀. Kò ráhùn rárá. Èyí ló tún dun Màmá Mónícà jù, nítorí bó bá ti ráhùn ni, òun ìbá ní kí wọ́n padà.

"Màmá," Adéfúnkẹ́ bi í níbi tí lọ́rì ti ń gbọ̀n wọ́n, "èèwọ̀ yìí, ṣé bàbá mi fúnra wọn ló sọ ọ́?"

"Di okùn mú," ni ìyá rẹ̀ wí.

Nígbà tí wọ́n wọ Ìfọ́n, ọjọ́ ọjà ni. Ohun tí àwọn obìnrin ọjà rí ni nǹkan gíga kan nínú aṣọ funfun tó ń yọ bọ̀ lókè. Wọn kò béèrè ìbéèrè kankan. Eré ló gbà! Ata dànù, ẹ̀gẹ́ dànù, àwọn kan sá wọ ilé tí wọn kò mọ onílé rẹ̀. Ìgbà tí ọjà dá páropáro tán ni bàbá arúgbó kan tọ lọ́rì wá, ó fi ọ̀pá tọ́ka sókè.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà," ó ní. "Eégún ibo nìyí, tí obìnrin ń jókòó sí nídìí?"

"Kì í ṣe eégún, bàbá. Òfì ni," Múrítàlá dáhùn.

"Òfì? Òfì tí wọ́n fi ń hun aṣọ? Kí ló dé tí ẹ faṣọ bò ó?"

"Òjò kì í pa á, bàbá."

"Ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ kẹ́ ẹ da tapólì bò ó."

"Kì í sùn."

Bàbá náà wo òfì, ó wo Màmá Mónícà, ó tún wo òfì. "Èyí kì í sùn, òjò kì í pa á, àgbàlagbà ló ń sìn ín lẹ́yìn. Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀, ẹ bá kúkú fi jọba." Bó ṣe ń lọ, ẹ̀rín ń pa á, ó ń fọwọ́ gbá itan. Adéfúnkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Màmá Mónícà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ronú pé òun ti lo gbogbo èèwọ̀ tí òun ní tán, Sàpẹ́lẹ́ sì ń bọ̀.

Wọ́n dé Sàpẹ́lẹ́. Ọkọ̀ òkun náà dúró létí omi, ó tóbi ju ohun tí Màmá Mónícà rò lọ, wọ́n sì ti ń fi ẹ̀rọ gbé gẹdú sínú rẹ̀. Akọ̀wé èbúté kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti pẹ́ níbẹ̀, jáde wá. Wọ́n ṣí aṣọ lórí òfì fún un. Ó yí i ká, ó ń fọwọ́ gbá a bí ẹni tó ń ra ẹṣin.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará mi, orí gẹdú ni ẹ ní kí nǹkan yìí dúró sí, lójú agbami? Bí atẹ́gùn bá fẹ́ lù ú, ìgbòkun ló dà yẹn. Ọkọ̀ á máa fẹ́ lọ síwájú, òfì á máa fẹ́ padà sí Ọ̀wọ̀. Ẹ tú u, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ́ ẹ ò bá tú u, ẹ gbé e padà sílé."

Sylvanus yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Múrítàlá náà yíjú sí i. Màmá Mónícà mi orí díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Èèwọ̀ ni." Ó ti borí! Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó ní láti tẹ orí ba kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀. Múrítàlá rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Adéfúnkẹ́ kò sunkún. Ó ní, "Ó dáa, Màmá. Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Mi ò lọ mọ́." Ó mú aṣọ funfun náà, ó ń nu eruku kúrò lára òfì, ó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀ òkun.

Ẹ̀yìn náà ni Màmá Mónícà rí. Ẹ̀yìn yìí ló ti ń wò láti ìgbà tí Boniface ti lọ, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tí ọmọ rẹ̀ á jókòó nídìí òfì, á máa hun aṣọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní dìde. Ìgbádùn ni gbogbo wọn ń pè é. Òun náà ti ń pè é ní ìgbádùn. Ọmọ náà kò fẹ́ wọ yàrá tí ẹnìkan kò sí nínú rẹ̀ ni, òun tí í ṣe opó sì mọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Àánú ọmọ rẹ̀ ṣe é, ojú sì tì í.

Ó dìde, ó tún ìró ro. "Múrí, bá mi mú òòlù wá."

"Òòlù, Màmá?"

"Òòlù, àti ohun tí wọ́n fi ń fa ìṣó."

Ó gbà á, ó súnmọ́ òfì, ó lu igi àkọ́kọ́ gbà! Sylvanus kígbe, "Ẹ̀gbọ́n! Èèwọ̀ ńkọ́?"

"Ta ló ṣe é?"

"Ilé Jósẹ́fù ni ẹ…"

"Irọ́ ni. Èmi ni mo ṣe é, èmi ni mo sì ń tú u. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?" Ó tún lu òmíràn. Pẹpẹ àtùpà já bọ́.

Múrítàlá ká ọwọ́ lérí. "Màmá," ó ní jẹ́jẹ́, "gbogbo igi tí mo gùn yẹn?"

"Ọlọ́run á san án fún ọ, ọmọ mi. Má bá mi sọ̀rọ̀ báyìí."

Akọ̀wé èbúté ti di ẹ̀gbẹ́ mú nítorí ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n Adéfúnkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn yí òfì po wá síwájú ìyá rẹ̀, ó wò ó lójú, gbogbo rẹ̀ sì yé e: òfì tí kì í tú, tí kì í sùn, tí òjò kì í pa.

"Màmá," ó ní, "ẹ kò fẹ́ kí n lọ."

"Mi ò fẹ́," ni Màmá Mónícà wí, omijé ti ń ṣàn lójú rẹ̀ wàyí. "Títí di bí mo ṣe dúró yìí, mi ò fẹ́. Di igi yìí mú dáadáa, kí n lè rí ìṣó rẹ̀ fà."