Ìkúnlẹ̀ Àrìnpé

Ọjọ́ Ẹtì ni Àrìnpé rí i, kì í sì í ṣe pé ó ń wá nǹkan kan. Òjò ló rọ̀ mọ́jú, omi sì wọ yàrá ẹ̀yìnkùlé tí Bọ́lájí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ń gbé. Ó lọ kó ohun tó wà nílẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n má baà bàjẹ́. Nígbà tó gbé bàtà bọ́ọ̀lù àtijọ́ kan, ó gbọ́ tí nǹkan kékeré yí nínú rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọ̀rá kékeré ni, tí a fi rọ́bà so ní ìlọ́po mẹ́ta, lẹ́búlẹ́bú funfun sì wà nínú rẹ̀ tí kò lè kún ṣíbí tíì kan.

Kò sẹ́ni tó ní láti là á yé e. Gbánà ni, oògùn olóró tí wọ́n ń fà símú. Ohun tó jẹ owó Bọ́lájí nìyẹn, tó jẹ ilé rẹ̀, tó sì lé e láti òkè òkun padà sí Benin pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo lọ́dún 1999.

Bọ́lájí ń fi ìgbálẹ̀ gbá omi kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó yíjú, ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbálẹ̀ sì dúró.

"Ìyàwó mi," ó ní, "dá a padà síbi tó wà."

"Ẹlẹ́sẹ̀-ayọ̀, kí lèyí?"

"Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tó ti wà níbẹ̀. N kò tú u rí. Bí mo bá jí láàárọ̀, mo máa ń wò ó, màá ní, lónìí náà, èmi ni ọ̀gá rẹ. Ohun tí mo fi ń mọ̀ pé mo ṣì dúró nìyẹn."

Àrìnpé wo rọ́bà náà. Ó ti gbó, ó ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rá. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo irọ́ tí Bọ́lájí ti pa láyé ọjọ́un ló jọ òótọ́, Adébáyọ̀ ọkọ òun sì gba gbogbo wọn gbọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí owó ilé ẹ̀kọ́ fi tán, tí ilẹ̀ tí wọ́n rà fi lọ. Ó dá ọ̀rá náà padà sínú bàtà. Kò mọ ohun mìíràn tí òun lè ṣe.

Ó ti di ọdún méjì tí Adébáyọ̀ ti kú. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ikú rẹ̀, ó fa ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gbé e lé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó ní, "Má jẹ́ kó dá wà." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn mẹ́ta ti ń gbé ilé náà ní Ikpoba Hill: Àrìnpé, Èyítọ́pẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, àti Bọ́lájí nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé. Àrìnpé kò fi ẹnu rẹ̀ pe orúkọ ọkùnrin náà rí. Nínú ilé tó ti wá, gbogbo ẹni tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ọkọ rẹ̀ ni, ìyàwó kì í sì í pe ọkọ lórúkọ. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ló ti fún un ní Ẹlẹ́sẹ̀-ayọ̀, nítorí ní ọdún náà, 1993, ẹsẹ̀ òsì Bọ́lájí nìkan tó láti mú kí gbogbo pápá ìṣeré dìde dúró. Orúkọ náà wá dà bí aṣọ tí ó ti tóbi ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ, àmọ́ kò sí ọ̀nà tí ìyàwó fi lè pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ìgbìmọ̀ ìjọ dúró sínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Siluko Road. Ìjọ àwọn Yorùbá ni, àwọn oníṣòwò, àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn olùkọ́ yunifásítì díẹ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan fún àwọn ọmọ wọn, ogójì ọmọkùnrin láti ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mẹ́rìndínlógún, nítorí ẹ̀rù ẹgbẹ́ òkùnkùn ń bà wọ́n, wọ́n sì gbà pé ọmọ tó bá ti rẹ̀ láti pápá kò ní lọ síbòmíràn. Kóòṣì wọn ti ríṣẹ́ sí Abuja. Alàgbà Èṣùbíyì ló mú orúkọ Bọ́lájí wá.

Kò sí ẹni tó bi Bọ́lájí bóyá ó fẹ́. Ó jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó ń wo ilẹ̀.

"N kò bá ẹnikẹ́ni jà," ni Ìyá Ṣọlápé wí, obìnrin tó ń ta àga, tìmùtìmù àti kọ́tìnì lójú ọ̀nà níbẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọmọ mi méjì ló wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù mi ni ọkùnrin yìí ń sùn sí lọ́dún 2001. Èmi ni mo máa ń jí i kí n tó lè ṣílẹ̀kùn. Ẹ má bínú o, Bùọ̀dá Bọ́lájí."

"N kò bínú, Mà," ni Bọ́lájí wí. "Ẹ tún máa ń fún mi ní búrẹ́dì."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Ṣọlápé kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́," ni Alàgbà Èṣùbíyì wí, "ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń jẹ́ Èṣùbíyì nínú ìjọ yìí. Pásítọ̀ mẹ́ta ló ti bẹ̀ mí kí n yí i padà, mo ní bàbá mi kò ṣẹ̀ wọ́n. Bí Ọlọ́run bá gba orúkọ mi, ṣé ẹsẹ̀ Bọ́lájí ni kò ní gbà?"

"Kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ là ń bá wí," ni Ìyá Ṣọlápé dáhùn. "Imú rẹ̀ ni."

Ẹ̀rín tún sọ. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ju bírò sílẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí kò le, ẹni kan ṣá ń bá ọkùnrin náà gbé. Kí Ìyá Èyítọ́pẹ́ sọ fún wọn bóyá ó ti jáwọ́ tàbí kò tíì jáwọ́, kí wọ́n sì lọ jẹun.

Gbogbo ojú yí sí Àrìnpé.

Láti ọjọ́ Ẹtì ló ti ń to ọ̀rọ̀ náà. Kò fẹ́ sọ pé ó ń mu ún, nítorí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó fẹ́ sọ kò pọ̀: pé nǹkan kan wà nínú yàrá yẹn, kí ọkùnrin náà kọ́kọ́ mú un kúrò, kí wọ́n ní sùúrù títí ọdún yóò fi yí. Ó ronú kan àwọn ogójì ọmọ náà, ọmọ ẹlòmíràn, tí yóò máa wọlé wọ̀de yàrá náà wá gba bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ lọ́wọ́ kóòṣì, tí wọn yóò máa fọwọ́ kan bàtà tí gbogbo wọn ti gbọ́ ìtàn rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó ni, àṣírí ọkọ ló sì fẹ́ tú láàárín èrò. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé, kí ìyàwó kọ́kọ́ kúnlẹ̀, kó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn àgbà, kó tó la ẹnu.

Àrìnpé bọ́ sí àárín, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ fojú àánú wò mí."

Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe sábẹ́ orúnkún kó lè tẹ̀ síwájú, kó tó sì tún un ṣe tán, Alàgbà Èṣùbíyì ti dìde.

"Ó tó," ni bàbá náà wí. Omi ti lé sójú rẹ̀. "Ó tó, ọmọ mi. Opó kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Kí la tún ń wá?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n—"

Ṣùgbọ́n Ìyá Ṣọlápé ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó di apá rẹ̀ mú, ó fà á dìde, ó gbá a mọ́ àyà. "Ta ni mo jẹ́?" ó ń wí sí i létí. "Ta ni mo jẹ́, tí ìwọ tí o sin ọkọ yóò kúnlẹ̀ fún mi, tí n ó ní rárá? Ó ti tán. Mo ti gbà." Ìyàwó tí ó bá kúnlẹ̀ láàárín èrò nítorí ọkọ, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀; kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè rò ó sí ohun mìíràn. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé ti ń kọ ọ́ sínú ìwé. Láti ẹ̀yìn, Bọ́lájí wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún gbogbo wọn, ó sì pẹ́ lórí ilẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Àrìnpé la ẹnu lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, ó pé pérépéré, ṣùgbọ́n ibi tí yóò gbà jáde ti dí. Bó bá sọ ọ́ nísinsìnyí, a jẹ́ pé ó bẹ̀bẹ̀ fún ọkùnrin náà tán ló tún gún un lọ́bẹ.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn lọ sílé, kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá àfi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyítọ́pẹ́ jókòó sẹ́nu fèrèsé. "Mummy, everybody just dey clap for you," ó ní, inú rẹ̀ dùn. Ìyá rẹ̀ ní kó máa wo títì.

Wọ́n kọjá odò Ikpoba kí Bọ́lájí tó sọ̀rọ̀.

"Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ."

Àrìnpé yíjú sí i.

"Nígbà tí o dìde, ọkàn mi balẹ̀. Mo ní, Ọlọ́run ṣeun, yóò sọ fún wọn. Ìyàwó mi, n kò fẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀rù ń bà mí. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí Alàgbà ti sọ fún mi ni mo ti ń wá ẹni tí yóò bá mi sọ pé rárá."

"Kí ló dé tí ẹ̀yin fúnra yín kò sọ?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí? Àgbàlagbà tí kò kọ̀ mí nígbà tí gbogbo ayé kọ̀ mí, kí n wá kọ̀ fún un? Ìwọ ni mo gbójú lé."

Àrìnpé ju ọwọ́ sókè. "Bus stop o," ó ké sí kọ̀ndọ́. Bọ́ọ̀sì rọra dúró lẹ́bàá ọ̀nà. "Ẹlẹ́sẹ̀-ayọ̀, ẹ jẹ́ ká padà. Wọn kò tíì tú ká."

Bọ́lájí wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Kọ̀ndọ́ ní, "Oga, you dey come down abi you no dey come down?" Ẹsẹ̀ náà dúró síbi tó wà, ó tún padà sẹ́yìn.

"Kò ṣeé ṣe," ó ní. "O rí ojú wọn."

Ó rí i. Bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.

Nígbà tí wọ́n délé, kò bọ́ gèlè rẹ̀. Ó tẹ̀ lé Bọ́lájí lọ sí yàrá ẹ̀yìnkùlé, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní bí òun yóò bá máa gbé pẹ̀lú ohun tí òun kò sọ, ọ̀rá yẹn kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé mọ́. Bọ́lájí ki ọwọ́ bọ inú bàtà. Ó mú un jáde, ó gbé e lọ sí ṣáláńgá. Rọ́bà náà ti lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè tú u, Àrìnpé ló fi eyín já a. Ó da lẹ́búlẹ́bú náà sínú ihò, ó da garawa omi méjì lé e lórí.

Bọ́lájí fara ti ògiri. Kò jọ ẹni tí a tú sílẹ̀.

"Òun ni mo ń ṣọ́," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Bí mo ti ń ṣọ́ ọ, n kò ráyè ṣe nǹkan mìíràn. Ta ni yóò máa ṣọ́ mi báyìí?"

Àrìnpé gbé garawa, ó mú un padà sí ìdí ẹ̀rọ omi.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó bá a lọ sí pápá. Ó ti rò pé òun yóò kàn wò wọ́n fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí òun sì lọ sọ́jà. Bọ́lájí fun fèrè, àwọn ọmọ sáré wá, ó sì hàn láàárín wákàtí kan pé ó mọ iṣẹ́ náà. Ó mú ọmọ Ìyá Ṣọlápé kékeré lẹ́sẹ̀, ó yí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, bọ́ọ̀lù tó ti ń lọ sínú igbó látàárọ̀ sì wọ àwọ̀n. Ọmọ náà ń ké bí ẹni tó rí wúrà. Bọ́lájí rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó wo ẹ̀gbẹ́ pápá láti mọ̀ bóyá Àrìnpé ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn ìyá tó mú ọmọ wá ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Olúkúlùkù wọn yà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ìwọ la mọ̀ o." "Nítorí tìẹ la ṣe gbà." Ìyá Ṣọlápé ló lọ kẹ́yìn. Ó ti fi ọkọ̀ gbé àga oníke kan wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àga tuntun tí ọ̀rá ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbé e sábẹ́ igi, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún.

"Jókòó, Ìyá Èyítọ́pẹ́," ó ní. "Dídúró á rẹ̀ ọ́. A ti ní kí akọ̀wé kọ orúkọ rẹ mọ́ ti Bùọ̀dá Bọ́lájí, kí o máa wà níbí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta gbogbo."

Àrìnpé wo òpópónà tó lọ sọ́jà. Ó wo Bọ́lájí, tó tún ti yíjú láti wá a. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, ó sì jókòó.