Ìgbátí Nílé Ìparọ́rọ́

Kí ẹnikẹ́ni tó fi Phoebe Ṣówándé ṣe yẹ̀yẹ́, pé àgbàlagbà obìnrin ń gba ìgbátí lọ́wọ́ ọkùnrin tí kì í ṣe bàbá rẹ̀, tó tún ń dúpẹ́ lé e, kó kọ́kọ́ mọ irú ariwo tó wà lágbárí obìnrin náà tẹ́lẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kú lójijì. Kí erùpẹ̀ ibojì tó gbẹ, ìyá ọkọ ti ní Phoebe ló fi àjẹ́ jẹ ẹ́. Tàípíìsì ni Phoebe ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan ní Wharf Road, ní Apapa. Bó bá ń tẹ̀wé, ohùn ìyá ọkọ ni yóò máa gbọ́. Bó bá délé ní Ajégúnlẹ̀, bó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn kan náà ni: ìwọ lo jẹ ọmọ mi. Orí tí kò sinmi, bó bá rí ibi tí wọ́n ti ń pín ìsinmi, kì í bèèrè ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn.

Lọ́dún 1988, nígbà tí SAP, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba, ti sọ ẹran inú ọbẹ̀ di ohun tí à ń fojú wá kiri, ẹnìkan níbi iṣẹ́ mú un lọ sí Ilé Ìparọ́rọ́, yàrá ńlá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn Wharf Road. Bàbá ni wọ́n ń pe ẹni tó ni ibẹ̀. Ajẹ́ntì tó ń báni gba ẹrù jáde ní èbúté Tin Can Island ni tẹ́lẹ̀, kó tó lọ sí Íńdíà, tó sì gbé aṣọ funfun àti ohùn jẹ́jẹ́ bọ̀ wálé. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò gùn. "Kò sí ìwọ, kò sí èmi," ni yóò wí. "Ọ̀kan ṣoṣo ló wà. Ohun tó ń pín wa níyà, Èmi-ni ni mo sọ ọ́. Òun ló ń sọ pé wọ́n rẹ́ mi jẹ, òun ló ń sọ pé wọ́n bú mi. Ẹ pa á, ẹ ó sinmi."

Ká má purọ́ mọ́ wọn: ohun tí Phoebe rí níbẹ̀, òótọ́ ni. Ní Sátidé kan, ó jókòó lórí ẹní, ó dijú, ohùn ìyá ọkọ sì dákẹ́. Fèrè àwọn tírélà nísàlẹ̀, èémí rẹ̀, ikọ́ ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ di nǹkan kan. Kò mọ ibi tí òun parí sí, kò mọ ibi tí ayé ti bẹ̀rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn. Láti kékeré ló ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, kò rí irú ẹ̀ rí.

Ìgbátí wá ńkọ́? Oògùn Èmi-ni ni. Bí Bàbá bá rí i pé ó ń yọjú lára ẹnìkan, á fọ́ onítọ̀hún létí. Ẹni tí Bàbá gbá á pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, á ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Lọ́yà kan jẹ ẹ́ níbẹ̀, máníjà báńkì kan jẹ ẹ́. Phoebe náà jẹ tirẹ̀, ó sì dúpẹ́. Bàbá nìkan ni ìgbátí kì í kàn. Ó jọ pé Èmi-ni tirẹ̀ ti kú, wọ́n ti sin ín, wọ́n ti jẹ sàráà rẹ̀.

Ibi tí Phoebe ti ṣàṣìṣe ni ti Ufuoma. Ọmọ Urhobo tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀ ni. Yàrá wọn kọjú síra, ó sì ń ṣe irun ní ṣọ́ọ̀bù kan létí títì. Bàbá tó bí i lọ́mọ fi ìgbátí tọ́ ọ títí etí òsì rẹ̀ fi wúwo. Ọjọ́ tó kúrò nílé bàbá rẹ̀ ló ti búra pé ọkùnrin kankan kò tún ní gbá òun létí mọ́. Phoebe mọ èyí. Ó mú un lọ kó lè rí ìsinmi tí òun rí, ó sì gbé ọ̀rọ̀ ìgbátí mì.

Ufuoma jókòó jẹ́jẹ́, òórùn ẹja tí wọ́n ń sè fún Bàbá ń ta sí i nímú, títí Bàbá fi ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè bèèrè.

"Bàbá," ni Ufuoma wí, "if nobody dey, na who come dey chop all the better fish wey dem dey cook for here?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa máníjà báńkì, ó fi ikọ́ bò ó. Bàbá dìde, ó rọra rìn wá, ó sì fọ́ Ufuoma létí òsì.

Ufuoma kò pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ Bàbá mú. "Na me you slap so? Me, Ufuoma? No try am again." Ó ju ọwọ́ náà nù, ó mú bàtà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ wò ó," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Èmi-ni rèé ní ìhòhò." Ó kọjú sí Phoebe. "Ìwọ lo mú un wá. Sátidé tó ń bọ̀, kó wá kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wa, kó dúpẹ́ ìgbátí ẹ̀. Bí kò bá kúnlẹ̀, ìwọ náà má wá síbí mọ́."

Ara Phoebe tutù. Kí òun tún padà sínú ariwo yẹn? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ṣíwọ́ iṣẹ́, ó gba ṣọ́ọ̀bù Ufuoma lọ, ó bá a níbi tó ti ń dirun fún oníbàárà kan tó ti sùn lọ.

"Ìkúnlẹ̀ lásán ni, Ufuoma," ni Phoebe wí. "Kì í ṣe ìwọ gan-an ló gbá. Èmi-ni ẹ ló gbá."

"Sister Phoebe, ẹ̀yin ńkọ́, ó ti gbá yín rí?"

"Ó ti gbá mi."

"Wetin you come talk?"

"Mo ní ẹ ṣé."

Ọwọ́ Ufuoma dúró nínú irun. Àánú ló fi wo Phoebe, àánú yẹn sì ta á ju ìgbátí lọ. "Papa mi náà máa ń ní ká dúpẹ́," ni Ufuoma wí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dirun. "Mo máa bá yín lọ. Ẹ̀yin ni mo mọ̀, mi ò mọ Bàbá yín yẹn. If you look my face say make I kneel down, I go kneel."

Inú bí Phoebe. Lákọ̀ọ́kọ́, Ufuoma ló ń bínú sí. Ìgbà tó di Ọjọ́bọ̀, kò mọ ẹni tó ń bínú sí mọ́. Bó ṣe ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó rí mẹ́gáàdì kan níwájú ilé ńlá kan ní Apapa, tó dí ọ̀nà mọ́ ọkùnrin kan tó wọ kóòtù. Ọkùnrin náà ń jágbe mọ́ ọn: ṣé ilé ẹ ni? Ta ni ẹ́? Mẹ́gáàdì ní kì í ṣe ilé òun, àmọ́ ọkùnrin náà kò ní wọlé.

Phoebe dúró, ó bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni Bàbá sọ, Èmi-ni kọ́ ló ni ilé, mẹ́gáàdì ni. Phoebe ti fojú ara rẹ̀ rí onílé lórí ẹní yẹn, kò sì sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí o lé mẹ́gáàdì rẹ lọ, tó wá ń wọlé bó ṣe wù ú, tó tún ní kí o máa dúpẹ́, olè ni. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn àgbà tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kò sì dé Íńdíà.

Ní Sátidé, yàrá kún. Phoebe àti Ufuoma dúró láàárín.

"Kúnlẹ̀," ni Bàbá wí.

Ufuoma kò wo Bàbá. Phoebe ló wò.

"Má kúnlẹ̀," ni Phoebe wí.

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Phoebe. Èmi-ni ló ń sọ̀rọ̀ yẹn."

"Òun ni, sà. Mo rán an níṣẹ́ ni."

Bàbá dìde, ó na ọwọ́ sókè. Phoebe náà na tirẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í nawọ́ sókè sí àgbà, ìyá tó bí i ì bá ké bó bá rí i. Kò gbé e wálẹ̀.

"Ẹ ní kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí èmi náà gbá yín lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, kò ní dun ẹnikẹ́ni."

Bàbá fò sẹ́yìn. Ohùn jẹ́jẹ́ fò lọ, ohùn Tin Can jáde. "Gbá ta? Èmi? Are you mad? Ṣé o mọ̀ mí ni? Ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́ ní Apapa yìí?"

Máníjà báńkì bú sẹ́rìn-ín, kò sì wá ikọ́ kankan fi bò ó.

Phoebe gbé ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Kò fi kan Bàbá. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ yín ni, sà," ni ó wí. Ó mú Ufuoma lọ́wọ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Létí títì, ẹ̀rù bà á. Ó ti fi ìsinmi rẹ̀ sílẹ̀ lókè. Kò tíì rìn jìnnà tí ohùn ìyá ọkọ fi dé, bó ṣe máa ń dé: ìwọ lo jẹ ọmọ mi.

"Irọ́ ni, mà," ni Phoebe wí, ó wí i sókè, lójú gbogbo èèyàn. "Mi ò jẹ ẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ó kú."

Ohùn náà dákẹ́. Àwọn tírélà ń fun fèrè, èéfín ń rú, Ufuoma ń bèèrè pé ṣé kò sí nǹkan o, ìparọ́rọ́ náà sì wà níbẹ̀, lábẹ́ gbogbo rẹ̀, láìsí ẹní, láìsí Bàbá. Phoebe wà nínú rẹ̀ tòun ti orúkọ rẹ̀ àti ìbínú rẹ̀. Kò mọ̀ pé àárín títì gan-an lòun dúró sí.

"Madam, commot for road!" ni onítírélà kan pariwo.

"Mò ń kọjá," ni Phoebe wí. "Dúró."

Onítírélà dúró.