Àga Tó Gba Ààyè Kẹsàn-án

"Láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń fi ọkọ̀ fa ilé onítáyà kiri," Verlyn Tollefson wí, ó gbé ife kọfí rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ búra nílé ẹjọ́, "mi ò bẹ ẹnikẹ́ni rí pé kó bá mi di ààyè mú, kò sì sí alẹ́ kan tí mo wá ibi sùn tì."

Gbogbo ilé kọfí Onstad ló gbọ́. Milo Brekke tó jókòó kọjú sí i gbọ́. Ardis, ìyàwó Verlyn, náà gbọ́. Ó wo inú ife tirẹ̀ bí ẹni pé eṣinṣin já sí i, ó sì bi ọkọ rẹ̀ léèrè ọdún tí wọ́n sùn síwájú ilé ìtajà oúnjẹ màlúù, tí iná ìpolówó tàn wọ́n lójú títí ilẹ̀ fi mọ́. Verlyn ní ṣé wọ́n sùn àbí wọn ò sùn? Ardis bi í léèrè ọdún tí ẹrẹ̀ mú wọn mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Verlyn ní ibi sùn tilẹ̀ pọ̀ jù lọ́dún yẹn, nítorí wọn ò lè kúrò níbẹ̀.

Báwo lèèyàn ṣe ń bá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ jiyàn? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ardis fi dáná nílé ìwé, lórí ìdúró, láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ni, ohun kan ṣoṣo ló sì wù ú láyé báyìí: kó jókòó. Ìdí nìyẹn tó fi pe Milo, tó ti ń wá ilé onítáyà rà láti ìgbà òtútù, kó wá ṣe ẹlẹ́rìí àdéhùn. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, bí òun bá wà ní ìjókòó létí omi, lábẹ́ ibòji, tí òun gbé ẹsẹ̀ lé nǹkan, kí Verlyn máa fa ilé onítáyà rẹ̀ lọ títí ayé, òun ò ní wí nǹkan kan mọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí Milo mú ọkọ̀ wá ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Mọ́ńdè, kó so ilé onítáyà náà mọ́ ìdí rẹ̀, kó sì máa gbé e lọ.

Verlyn rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Milo má wulẹ̀ fi epo ọkọ̀ rẹ̀ ṣòfò.

Aago mọ́kànlá àárọ̀ Sátidé ni wọ́n dé adágún Cutbank, níbi tí ìjọba ti sé odò. Ibùdó àgọ́ kún dẹ́múdẹ́mú. Ìdíje ẹja pípa ni wọ́n ń ṣe, èyí tí wọ́n ti lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ògiri ilé kọfí Onstad láti oṣù méjì sẹ́yìn, lókè orí Verlyn gan-an, níbi tó ti máa ń jókòó ṣe fọ́ńté. Wọ́n yí ibùdó po lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá kọjá lára rẹ̀ ni Verlyn ń gbé ìka kan sókè kí lórí sítíárì ọkọ̀, bí ẹni pé ṣe ló wá bẹ̀ wọ́n wò.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni Ardis rí ààyè kẹsàn-án. Igi ńlá kan ṣoṣo tó wà ní gbogbo ibùdó ló dúró síbẹ̀, omi ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ìdí rẹ̀. Kò sí ọkọ̀, kò sí àgọ́. Àga kan péré ló wà láàárín, wọ́n fi ọ̀rá dúdú bò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n sì fi okùn dì í.

"Ààyè rè é," Ardis wí.

"Àga wà níbẹ̀."

"Mo rí àga. Èèyàn ni mi ò rí."

"Ardis, ẹni tó gbé àga sílẹ̀ ti dé. Ara rẹ̀ ló kù tó ń bọ̀."

Ardis tọ́ka sí pátákó tó wà lẹ́nu géètì, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi àga tàbí kúlà di ààyè mú. Verlyn ní ẹni tó kọ pátákó yẹn, inú ọ́fíìsì kan nílùú ọ̀nà jíjìn ló jókòó sí kọ ọ́. Ọmọ ilẹ̀ wọn ló gbé àga yìí sílẹ̀. Ó ní òun ti dàgbà nílẹ̀ yìí, òun ò tíì rí ẹni tó sún àga ẹlòmíì rí, òun ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó.

Ọkùnrin kan tó fi okùn pupa gbé ṣòkòtò kọ́ èjìká jáde láti ààyè kẹwàá. Ó ní Harlan lorúkọ òun, òun sì lòun ń bójú tó àga. Verlyn bi í pé ti ta ni. Harlan ní òun ò mọ̀. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́wàá níbẹ̀, ó bá a níbẹ̀ ni, ẹni tó kúrò ní ààyè kẹwàá kó tó dé ló fà á lé e lọ́wọ́ pé kó máa ṣọ́ ọ. Nígbà tí yìnyín fẹ́ bọ́, òun lòun wá ọ̀rá bò ó. Nígbà tí ìjì gbé e, òun lòun sáré lé e dé etí omi. Ó ti dá ìdílé méjì padà lórí rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ń gbé ọmọ ọwọ́, àbúrò òun fúnra rẹ̀ sì ti ń sùn nínú ọkọ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin nítorí kò sí ààyè.

Ardis wo ojú rẹ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Kò ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan.

"Ẹni tó ni àga yìí," Verlyn wí, ó mi orí tìyanutìyanu, "ọmọlúàbí ni. Ó ronú ṣáájú. Irú wọn ò pọ̀ mọ́."

"Ohun témi náà ń sọ nìyẹn," Harlan dáhùn.

Ardis padà sínú ọkọ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ gbàgà.

Verlyn ní kó má bínú, ọ̀dàn ṣì wà. Ilẹ̀ ìjọba ni, koríko lọ títí dé ibi tójú lè rí i dé, kò sí nọ́ńbà, kò sí aládùúgbò, ibi tó bá wuni lèèyàn ń dúró sí. Ardis béèrè omi. Verlyn ní adágún tí màlúù ti ń mu omi wà níbẹ̀. Ṣé òun náà kì í ṣe omi ni? Ardis béèrè ibòji, nítorí igi kan ò hù ní gbogbo ọ̀dàn náà. Verlyn ní kí ni wọ́n ṣe ran aṣọ ìbòòrùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé onítáyà? Gbogbo èsì rẹ̀ ló dún bí òótọ́ létí Ardis. Ìyẹn gan-an ló bí i nínú jù.

Géètì wáyà mẹ́ta ló wà lọ́nà, ẹni tí kò sì wa ọkọ̀ ló ń ṣí géètì. Ọgbọ̀n ọdún ni Ardis ti ń sọ̀ kalẹ̀ ṣí géètì, ó ń fi èjìká ti òpó, ó ń fi eyín di ìbọ̀wọ́ mú, tí Verlyn á yọrí lójú fèrèsé láti sọ fún un pé kó tì í dáadáa.

Síbẹ̀, ká má purọ́ mọ́ ọkùnrin yìí, ní aago mẹ́ta ọ̀sán gbogbo nǹkan ti bọ́ sípò. Adágún màlúù ń dán. Verlyn ta aṣọ ìbòòrùn, ó tẹ́ ibùsùn onírọ̀gbọ̀kú sábẹ́ rẹ̀, ó gbé kúlà sí ibi tí ẹsẹ̀ yóò wà. Ardis na gbalaja. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá òun ló ṣàìdáa.

Màlúù kan wá, ó fi ìdí yún ara mọ́ ilé onítáyà. Kọfí dànù nínú ilé. Ìkejì wá. Verlyn pariwo lé wọn, wọn ò dá a lóhùn. Ló bá bọ́ sínú ọkọ̀, ó sì fọn fèrè rẹ̀ gbọnranin lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n lè sá.

Ardis di ojú rẹ̀. Ogún ọdún lọkọ rẹ̀ fi ta oúnjẹ màlúù fún àwọn ọlọ́sìn. Kò sí ẹni tó yẹ kó mọ̀ ju òun lọ pé fèrè ọkọ̀ ni wọ́n fi ń pe màlúù wá jẹun. Láti ẹ̀yìn òkè mẹ́ta ni wọ́n ti jáde, ọgọ́rin ó kéré tán, pẹ̀lú eré, ebi sì wà lójú wọn. Wọ́n yí ilé onítáyà ká. Wọ́n lá gíláàsì. Wọ́n lá ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀kan jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀. Bí Verlyn ti ń fi fìlà lé wọn, atẹ́gùn ọ̀dàn, tó ti ń fẹ́ jẹ́jẹ́ láti àárọ̀, rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé aṣọ ìbòòrùn, ó fà á ya pẹ̀lú irin rẹ̀, ó sì lọ rọra tẹ́ ẹ sójú adágún màlúù.

"Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni," Verlyn wí.

Ardis wo aago ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n kó ẹrù, wọ́n sì kọrí padà sí Cutbank. Lójú ọ̀nà, Verlyn ò gbé ìka kí ẹnikẹ́ni mọ́. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan gbogbo àpótí inú ilé onítáyà yẹn, òun ló kun ún lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní géètì kẹta, ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ṣí i. Ó yẹ kí àánú rẹ̀ ṣe Ardis, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é.

Aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n padà dé Cutbank. Àga ṣì wà níbẹ̀. Verlyn ò tíì pa ọkọ̀ tán tí Ardis fi bọ́ sílẹ̀, ó sì gba ààyè kẹsàn-án lọ tààrà. Àwọn èèyàn dìde níwájú àgọ́ wọn. Harlan ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Verlyn wà nínú ọkọ̀, ó fi fìlà bojú. Ardis tú okùn, ó ṣí ọ̀rá dúdú kúrò.

Ó dúró. Okùn tí wọ́n fi hun ìjókòó àga náà ti já níbì kan rí, ẹnìkan sì ti fi okùn ìsáṣọ aláwọ̀ ìyeyè hun ún. Ardis mọ okùn ìyeyè yẹn. Òun ló hun ún.

Ní ìparí oṣù Karùn-ún, Verlyn àti Delmar, àbúrò Ardis, jọ wá pẹja ní Cutbank. Verlyn padà wálé láìsí àga ìyàwó rẹ̀, ó sì ní Delmar ló gbé e. Delmar búra, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Láti ìgbà náà, Ardis kò fi páì kankan ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbé fóònù rẹ̀.

"Verlyn," ó pè é, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè rárá. "Wá wo ọmọlúàbí."

Verlyn wá. Ó wo àga. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó funfun, lẹ́yìn náà, ká ní ẹlòmíì ni, ilẹ̀ ni ì bá máa wò. Ṣùgbọ́n Verlyn ni. Ó yíjú sí gbogbo ibùdó, ó ní àwọn ló ni àga, àwọn ló ni ààyè, òun ti gbé e sílẹ̀ de ìyàwó òun láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ó sì ro àdéhùn aago mẹ́fà fún wọn. Harlan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àbúrò Harlan ò pàtẹ́wọ́ ní tirẹ̀. Ardis jókòó, omi wà níwájú rẹ̀, ibòji lórí rẹ̀. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìgbà náà ni Twyla, màmá tó ń bójú tó ibùdó, fi ọkọ̀ kékeré rẹ̀ dé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó bi wọ́n pé ṣé àwọn ló ni àga. Verlyn fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn ni. Twyla ṣí ìwé.

"Ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹnikẹ́ni lè lò níbí. Ẹ̀yin ti lo mọ́kànlélógún. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ."

Ardis bi í pé kí ló dé tí kò gbé àga náà kúrò láti ọjọ́ yìí. Twyla ní òun ò lè lé ẹni tí òun ò mọ̀. Verlyn ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn kọ́ ló ni ín. Twyla ò tiẹ̀ gbójú sókè. Kí Ardis tó ká àga pọ̀ tán, àbúrò Harlan ti ń fi ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ ààyè kẹsàn-án.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Verlyn wa ọkọ̀ bí ọmọ ogún ọdún, ó gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ti ọkọ̀ ojú omi sódò, ó dúró sí ẹ̀bá tábìlì tí wọ́n ti ń yọ ìfun ẹja. Oòrùn ti yà sẹ́yìn, òjìji ilé onítáyà sì nà gbọọrọ títí dé etí omi. Ó gba àga lọ́wọ́ Ardis, ó ṣí i sínú òjìji náà, ó gbé kúlà síwájú rẹ̀, ó sì wo ojú rẹ̀. Kò fọ́nnu.

Ardis jókòó. Ó gbé ẹsẹ̀ lé kúlà. Ọ̀wọ́ ìfun ẹja kan ń léfòó lọ níwájú rẹ̀. Harlan, tó ti sáré tẹ̀ lé wọn, ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń ka ìṣẹ́jú sókè, ìdajì ibùdó sì ń bá a kà á. Aago mẹ́fà lù.

Ardis ò ní yí àdéhùn padà. Ó ní òun jókòó, omi ni, ibòji ni, kí wọ́n pe Milo pé kó má wá. Wọ́n hó gèè. Verlyn nu ojú rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá ilé onítáyà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń gbá ẹṣin lẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ sì ṣí. Ó ní ṣé òun ò wí? Ó ní ọgbọ̀n ọdún rè é, kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí òun wá nǹkan tì. Harlan ní lóòótọ́ ni, òun fojú rí i.

Ardis dúró dìgbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ tán.

"Verlyn, níbo la máa sùn?"