Ọjọ́ Tí Ààrẹ Fẹ́ Bá Ìlú Sọ̀rọ̀

Bí rédíò bá ti kéde pé Ààrẹ fẹ́ bá ará ìlú sọ̀rọ̀, àwọn ará Accra yòókù á wá ibi jókòó sí, Àsíátù ní tirẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe láti ìgbà tó ti ní ilé tirẹ̀. Ìbò á dé, ìbò á lọ, Ààrẹ kan á wọlé, òmíràn á jáde, kò sí èyí tí kò di ẹrù dè nínú wọn. Kí Ààrẹ tó sọ tán pé epo ti gbówó lórí, Àsíátù á ti ká aṣọ sínú báàgì, á ti fi ọ̀rá wé ìwé ìbí ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní, "Màmá, ṣé Ààrẹ ní kẹ́ẹ máa bọ̀ ni?"

Ẹ má bá wọn rẹ́rìn-ín o. Ẹni ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọmọdé ni Àsíátù lọ́dún tí olórí ìjọba ìgbà náà pàṣẹ pé kí àwọn àjòjì tí kò níwèé fi Gánà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àmúdà, bàbá rẹ̀, ọmọ Yorùbá tó ń ta abọ́ ní Adabraka ní Accra, gbọ́ ìkéde náà lórí rédíò, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ òṣèlú lásán ni, ta ni yóò lé ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣòwò níbì kan? Nígbà tí yóò fi gbà pé òótọ́ ni, ọkọ̀ ti di ohun tí wọ́n ń jà sí. Wọ́n forí tì í títí wọ́n fi kọjá ẹnubodè Aflao bọ́ sí ilẹ̀ Tógò. Ibẹ̀ ni Àmúdà ti rántí ọjà tó tì mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí ìyàwó òun àti ọmọ jókòó de òun, òun ń bọ̀. Ó padà sẹ́yìn. Ìgbà tí wọ́n fojú kàn án kẹ́yìn nìyẹn.

Nígbà tí Àsíátù dàgbà, ó padà wá sí Accra, ó gba ṣọ́ọ̀bù sí Adabraka kan náà, ó ń ta abọ́ tánńganran àti kúlà. Ó fẹ́ ọkọ, ọkọ kú, ó wá ku ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Muslimat. Gánà ni wọ́n bí Muslimat sí. Yorùbá yé e ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, bí inú bá sì ń bí i, Twi ló fi ń bínú. Ó fẹ́ Khàlíl, ọmọ Anago, ìyẹn Yorùbá, bíi tirẹ̀, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Abossey Okai. Nínú ẹbí wọn, bí oyún àkọ́kọ́ bá ti wọ oṣù keje, ilé ìyá ni obìnrin ń gbé e lọ, torí ìyá ló ń dúró ti ọmọ rẹ̀, òun náà ló sì ń wẹ ọmọ tuntun. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, lọ́dún tí àrùn kòrónà dé, ọwọ́ Àsíátù ni Muslimat wà pẹ̀lú oyún rẹ̀.

Ààrẹ ti kọ́kọ́ ní kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pa, kí àwọn ọmọ iléèwé máa lọ sílé. Ojú ni Àsíátù ń wò. Ó wo Ààrẹ lórí tẹlifíṣọ̀n níbi tó ti ń bẹ ilé ìwòsàn wò. Ó wò ó níbi tó ti ń tọwọ́ bọ òfin tuntun, níbi tí òun àti àwọn ọ̀gá ológun ti jọ jókòó yí tábìlì ká. Olórí tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹlòmíràn rí. Ohun tí Àsíátù rí ni pé ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín mọ́, àti pé àwọn ológun ti ń sún mọ́ àga rẹ̀ jù.

Obìnrin kan wá ra abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, ó fi ìborùn bo imú, ó ní, "Ẹ̀yin Alata, ẹ̀yin àjòjì lẹ gbé àrùn yìí wọ ìlú wa o." Alata ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀; ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Àsíátù náà bá a rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń wí nígbà ayé bàbá rẹ̀ náà nìyẹn, kí àṣẹ tó jáde. Nígbà tó di Jímọ̀, rédíò kéde pé Ààrẹ yóò bá ìlú sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.

Khàlíl wà ní Tema, níbi tó ti ń gba ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ ní èbúté, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò dá Àsíátù dúró. Ó ránṣẹ́ sí Kàsímù, awakọ̀ kan, ará ìlú wọn ní Ìníṣà ní Nàìjíríà, tó máa ń fi ọkọ̀ ná Accra sí Èkó. Ó ní kó wá gbé Muslimat lọ sílé.

"Màmá, merenkɔ, mi ò lọ," Muslimat wí. "Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Ìníṣà? Mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀."

"Ẹbí bàbá rẹ wà níbẹ̀."

"Ọkọ mi ńkọ́?"

"Ọkọ rẹ á wá bá ọ. Èmi náà ń bọ̀, kí n ṣáà palẹ̀ ọjà yìí mọ́. Ìwọ lọ kí Ààrẹ tó lanu."

"Màmá, Ààrẹ ò ní lé wa. Ọmọ ibí ni mí."

"Ọmọ ibí lèmi náà ń pe ara mi, kí wọ́n tó gbé mi sọ sẹ́yìn ọkọ̀."

Muslimat wo ojú ìyá rẹ̀, ó rí i pé ẹ̀rù ń bà á tọkàntọkàn. Àánú ìyá náà ṣe é. Àánú yẹn ló gbé e lọ, kì í ṣe pé ó gbà á gbọ́. Láàárọ̀ Sátidé, ó fi ọwọ́ gbé ikùn, ó wọ ọkọ̀ Kàsímù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Khàlíl ti Tema dé, ó ra búrẹ́dì oníṣúgà lọ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá. Muslimat dà?"

"Ó ti lọ sílé."

"Ilé wo?"

Àsíátù ò tíì dáhùn tí Ààrẹ fi yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Àsíá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì. "Ẹ̀yin ará ìlú mi," ló wí. Àsíátù di apá àga mú, ó ń retí ọ̀rọ̀ tó ti ń retí láti kékeré. Ààrẹ ní bó bá ti di òru ọ̀la, gbogbo ẹnubodè Gánà yóò di títì: ti ilẹ̀, ti omi, ti òfuurufú. Ẹnikẹ́ni kò ní lè gba ibẹ̀ wọlé mọ́. Kò dárúkọ Alata. Kò ní kí àjòjì kankan máa lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà, ó gbàdúrà fún ìlú, ó parí ọ̀rọ̀.

"Màmá," Khàlíl wí wẹ́rẹ́, "ilé wo?"

"Ìníṣà. Lomé ni wọ́n máa sùn lónìí."

Khàlíl dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ pè é. Màmá, mepa mo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é báyìí. Ẹnubodè ṣì wà ní ṣíṣí títí di ọ̀la. Bí wọ́n bá kúrò ní Lomé láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, ó ti wọ Gánà."

Nọ́ńbà Tógò tí Kàsímù ń lò nìkan ni wọ́n fi lè rí wọn, Àsíátù nìkan ló sì mọ̀ ọ́n. Ó pè. Muslimat ló gbé e. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Ààrẹ.

"Màmá, ṣé kí n padà?"

Khàlíl nawọ́ sí fóònù náà. Àsíátù kẹ̀yìn sí i. Lójú rẹ̀, kì í ṣe Muslimat ló dúró sí Lomé mọ́, Àmúdà bàbá rẹ̀ ló dúró síbẹ̀, tó kọjú sí Accra, tó ní òun ń bọ̀. Ẹni tó bá ti kọjá Aflao kì í padà sẹ́yìn. Àti pé kí ni wọ́n ń tìlẹ̀kùn sí, bí kò bá ṣe pé wọ́n fẹ́ mú àwọn tó wà nínú?

"Máa lọ," ló wí. "Má padà sẹ́yìn rárá." Ó fi ọwọ́ di ọmú rẹ̀ mú. "Mo fi ọmú yìí bẹ̀ ọ́, Muslimat. Ọmú tí o mu. Máa lọ."

Kò yẹ kó sọ ọ́. Ọmọ Anago wo ni ìyá rẹ̀ máa fi ọmú bẹ̀, tí yóò ní òun ò gbọ́, pàápàá èyí tí ìrọbí wà níwájú rẹ̀? Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Nígbà tí Khàlíl gba fóònù, ẹkún ni Muslimat ń sun. Ó ní, "Ó fi ọmú rẹ̀ bẹ̀ mí, Khàlíl. Mo fẹ́ bímọ. Mi ò lè kọ̀ fún un."

Wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n dé ẹnubodè Tógò àti Benin, àwọn ológun ibẹ̀ náà ti tìlẹ̀kùn tiwọn. Kàsímù bẹ̀bẹ̀, ó tún bẹ̀bẹ̀, títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ wọn níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi yí padà dé Aflao, wọ́n ti ti ẹnubodè Gánà pa. Muslimat dúró níwájú irin tí wọ́n fi dí ọ̀nà, ó fi Twi sọ fún sójà pé ọmọ Gánà lòun. Ọkùnrin náà ò bú u. Twi lòun náà fi dá a lóhùn, ó ní, "Mo mọ̀, arábìnrin mi. Àṣẹ Ààrẹ ni." Àwọn ẹbí Kàsímù kan ní Lomé ló gbà á sílé.

Khàlíl wọ tròtrò lọ sí Aflao, ó rí ìyàwó rẹ̀ lókèèrè, ó juwọ́ sí i títí apá fi ro ó. Ibẹ̀ ló kúkú jókòó sí. Kò bú ìyá ìyàwó rẹ̀, kò sì pè é mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà tí rédíò tún fi kéde pé Ààrẹ fẹ́ sọ̀rọ̀. Àsíátù ò di ẹrù. Ta ni ì bá di í fún? Ó ń gbọ́ Ààrẹ tó ń ṣàlàyé bí wọn yóò ṣe ti Accra pa, nígbà tí fóònù dún.

"Màmá." Muslimat ni. "Mo ti bímọ. Obìnrin ni. Ọkọ̀ yẹn gbọ̀n mí jù. Ó kéré gan-an, inú àpótí gíláàsì ló wà. Wọn ò jẹ́ kí n gbé e."

"Áà! Alihamudulilai." Àsíátù ti dìde dúró. "Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

"Mi ò mọ orúkọ ẹ̀."

Àsíátù tẹ fóònù mọ́ etí.

"Nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ni mo wá ṣe níbí tòun toyún," Muslimat wí. Kò sí ìbínú lóhùn rẹ̀, Yorùbá ló ń fi sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀. "Ó ní ṣé ìjọba Gánà ló lé mi. Mo ní rárá o. Mo ní ìyá mi ni."

Fóònù já. Àsíátù mú ìborùn rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wo títì. Lẹ́yìn rẹ̀, lórí tẹlifíṣọ̀n, Ààrẹ ń bẹ gbogbo ará Accra pé kí oníkálùkù jókòó sílé rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ sí ibì kankan. Ó ti ilẹ̀kùn, ó padà wá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.